Ọmọ mi ń lọ sí ọdún mẹ́ta, kò tíì sọ̀rọ̀: níbo ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ní Èkìtì?

Ìyá Àkọ́bí, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Ẹ kú àpérò o, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin àgbà. Ọmọkùnrin mi ti pé ọdún 2 àti oṣù 10, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ kò ju "omi" àti "gbà" lọ, kò sì tíì so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ rí. Bí mo bá pe orúkọ rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó lè máà wẹ̀yìn rárá, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tan tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀, yóò sáré jáde láti inú yàrá. Ìdérí ìgò ni ó fẹ́ràn láti máa tò sí orí ìlà kan, bí ẹnikẹ́ni bá sì mú ọ̀kan kúrò níbẹ̀, igbe ni. Ní ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi tí a fi í sí, wọ́n ní kì í bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré, wọ́n sì ti pàṣẹ pé kí a má sọ Yorùbá sí i mọ́ nílé, kí ó jẹ́ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni yóò máa gbọ́.

Màmá ọkọ mi ní bàbá ọmọ náà pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ọkọ mi kò lòdì sí àyẹ̀wò, ohun tí ó ń bà á lẹ́rù ni pé orúkọ tí dókítà bá kọ sínú fáìlì ni àwọn èèyàn yóò máa fi pe ọmọ náà títí ayé. Mo rí ìwé ìbéèrè kan lórí fóònù tí wọ́n fi ń wò bóyá ọmọ lè ní ọtísímù (ìyàtọ̀ nínú ìdàgbàsókè ọpọlọ tí ó ń kan bí ọmọ ṣe ń sọ̀rọ̀ àti bí ó ṣe ń bá èèyàn ṣe), M-CHAT-R ni wọ́n ń pè é. Mo dáhùn rẹ̀, ó sì gbé e jáde pé ewu pọ̀. Ta ni kí a kọ́kọ́ lọ bá? Ṣé Adó ni, ṣé Ìdó ni, àbí kí a gba Ìbàdàn lọ tààrà?

Nọ́ọ̀sì Afẹ̀yìntì, Adó-Èkìtì

Ìyá Àkọ́bí, ẹ kú ìtọ́jú, Ọlọ́run yóò wo ọmọ náà. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé ìbéèrè yẹn, nítorí ó ti kó ọ̀pọ̀ ìyá lọ́kàn sókè. Àwọn ọmọ tí ó wà láàárín oṣù 16 sí oṣù 30 ni wọ́n ṣe M-CHAT-R fún. Ọmọ tiyín ti wà ní oṣù 34, nítorí náà iye tí fóònù gbé jáde kò ṣeé gbára lé fún un. Kódà fún ọmọ tí ọjọ́ orí rẹ̀ bá a mu, asẹ́ ni ìbéèrè 20 yẹn: ó ń ya àwọn ọmọ tí ó yẹ kí dókítà wò dáadáa sọ́tọ̀, kò lè sọ ohun tí ó ń ṣe wọ́n. Síbẹ̀, ẹ má ṣe ju ìdáhùn yín nù, torí pé bóyá ó ń na ìka sí nǹkan kí ẹ lè bá a wò ó, bóyá ó ń wo ibi tí ẹ̀yin náà bá nawọ́ sí, bóyá ó ń ṣe bí ẹni pé ó ń fún bèbí lóúnjẹ, gbogbo rẹ̀ ni dókítà yóò tún béèrè.

Àyẹ̀wò etí ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí pé òun gan-an ni àwọn èèyàn máa ń fò kọjá, pàápàá tí ọmọ bá ń sáré lọ síbi tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ lè gbọ́ ìró ilẹ̀kùn tí a gbá, kí ó gbọ́ ariwo ọkọ̀ àjàgbé, kí ó má sì gbọ́ àwọn ìró tín-ín-rín tí a fi ń mọ "fọ" yàtọ̀ sí "sọ", bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ èèyàn kò lè yé e láìsí wọn. Kò di dandan kí ọmọ dáhùn kí wọ́n tó lè yẹ etí rẹ̀ wò. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń kì bọ ihò etí fún ìṣẹ́jú díẹ̀, òmíràn sì wà tí wọ́n ń lẹ wáyà rẹ̀ mọ́ orí ọmọ nígbà tí ó bá ń sùn, tí yóò fi hàn bí ọpọlọ ṣe ń gba ìró. Etí tí ń ṣọyún tàbí tí omi há sí inú rẹ̀ lè dín ìgbọ́ràn kù, èyí sì ṣeé tọ́jú.

Wọn yóò béèrè ọ̀rọ̀ ìbímọ pẹ̀lú: bóyá ọmọ náà ké lójú ẹsẹ̀, bóyá ibà pọ́njú mú un ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bóyá gìrì ti mú un rí, bóyá ó ti ní àrùn meningitis tí ń kọlu awọ tí ó bo ọpọlọ, bóyá wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ gentamicin nígbà tí ó wà ní ìkókó, nítorí pé òògùn yẹn gba ẹ̀mí là ṣùgbọ́n ó lè ṣe etí ní jàǹbá. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un fún àwọn tí wọ́n ṣì ń bímọ: káńfọ̀ tí a ń fi sáàárín aṣọ ọmọ tuntun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kó o kúrò níbẹ̀. Ọmọ tí èròjà G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí ó sì ń fa òórùn káńfọ̀ símú, ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ lè máa fọ́, kí ibà pọ́njú sì le débi tí yóò fi ba etí tàbí ọpọlọ jẹ́.

Ní ti ibi tí ẹ óò lọ, ẹ má tíì ronú Ìbàdàn. Ẹ lọ sí ilé-ìwòsàn ìjọba tí ó wà nítòsí yín, ẹ gba ìwé tí yóò darí yín sí ẹ̀ka ìtọ́jú ọmọdé ní ilé-ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn, yálà ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó níbí tàbí ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì. Adó ni ó sún mọ́ yín jù. Bí káàdì ìlera iṣẹ́ ìjọba bá wà lọ́wọ́ yín tàbí lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ẹ rí i pé ilé-ìwòsàn tí orúkọ yín wà ti gba kóòdù ìyọ̀ǹda fún yín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àpò ara yín ni ẹ óò ti san gbogbo rẹ̀. Tí àwọn dókítà ọmọdé bá rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju ohun tí wọ́n lè ṣe lọ, àwọn ni yóò kọ̀wé sí UCH, ilé-ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ìbàdàn, sí Ilé-Ifẹ̀, tàbí sí ẹ̀ka àwọn ọmọdé ní Arò ní Abẹ́òkúta. Bí ẹ bá gbọ́ Arò, ẹ má ṣe sá o. Ẹ̀ka tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ wà níbẹ̀ lọ́tọ̀, wọ́n sì mọ iṣẹ́ wọn.

Bàbá Àgbà, Ọ̀yẹ́-Èkìtì

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀. Àwọn ọmọ tí kò sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi pé ọdún mẹ́rin wà ní àdúgbò wa, lónìí wọ́n ń sọ̀rọ̀ débi pé a ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dákẹ́. Ayé òde òní ti sọ gbogbo ìwà ọmọdé di àìsàn. Ó lè jẹ́ pé ahọ́n rẹ̀ ni ó so mọ́lẹ̀, kí wọ́n wo ìsàlẹ̀ ahọ́n rẹ̀, kí wọ́n gé e, ọ̀rọ̀ yóò jáde.

Nọ́ọ̀sì Afẹ̀yìntì, Adó-Èkìtì

Bàbá, ẹ ṣé tí ẹ dá sí i. Òótọ́ ni pé àwọn ọmọ kan máa ń pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, tí wọn yóò sì bá ẹgbẹ́ wọn láìsí ìtọ́jú kankan. Àmọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, bí a bá sọ fún un pé "lọ bá mi mú bàtà wá" láìnawọ́ sí bàtà, yóò mú un wá. Yóò fà yín láṣọ lọ sí ibi tí ohun tí ó fẹ́ wà, yóò sì wo ojú yín bóyá ẹ ti rí i. Yóò máa bá àwọn ọmọ mìíràn ṣe erépá. Ọmọ tí kò dáhùn orúkọ rẹ̀, tí kò nawọ́ sí nǹkan, tí kò sì bá ẹgbẹ́ ṣeré, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀, kí ọjọ́ orí bàbá rẹ̀ nígbà tí ó sọ̀rọ̀ jẹ́ ohun tí ó bá jẹ́. Ahọ́n tí ó so lè dí ọmọ lọ́wọ́ láti fa ọmú dáadáa, ó sì lè da pípe àwọn ìró kan rú, ṣùgbọ́n kò lè sọ pé kí ọmọ má gbọ́ orúkọ ara rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ nílé kan ẹnu ọmọ.

Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Ìjerò-Èkìtì

Ọmọbìnrin wa kejì la ọ̀nà yìí kọjá, nítorí náà ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ. Ẹ má retí pé ẹ óò wọlé, kí dókítà wo ọmọ láti òkè délẹ̀, kí ó sì sọ orúkọ àrùn. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tàbí fọ́tò ọpọlọ kankan tí ó ń fi ọtísímù hàn. Bí wọ́n bá ní kí ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, nítorí pé wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ọmọ kò tó tàbí nǹkan mìíràn wà níbẹ̀ ni. Ohun tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n ni ìtàn ọmọ láti inú oyún, àti wíwò tí wọ́n ń wò ó bí ó ṣe ń ṣeré. Ìbéèrè wọn pọ̀ débi pé ìyàwó mi rò pé wọ́n fura sí wa. Wọ́n béèrè ìgbà tí ó jókòó, ìgbà tí ó rìn, ohun tí ó ń jẹ, bí ó ṣe ń sùn, ohun tí ó máa ń ṣe bí a bá yí aṣọ rẹ̀ padà. Lẹ́yìn náà, wọ́n tú ohun ìṣeré sílẹ̀, dókítà sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí ó bá wọlé lásìkò náà yóò rò pé eré lásán ni wọ́n ń ṣe.

Ọmọ lè wọ yàrá dókítà kí ó dákẹ́ bí ẹni tí omi tutù dà lé lórí, kí ó má ṣe ọ̀kankan nínú ohun tí ẹ tìtorí rẹ̀ wá. Nítorí èyí, ẹ fi fóònù ya fídíò rẹ̀ nílé: ìgbà tí ẹ ń pe orúkọ rẹ̀ tí kò wẹ̀yìn, ìgbà tí ó ń to ìdérí ìgò, ìgbà tí inú ń bí i, ìgbà tí inú rẹ̀ dùn pẹ̀lú. Ẹ má ya àwọn èyí tí kò dára nìkan. Kí fídíò náà má gùn. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú, kí ẹ fi ọjọ́ sí i, nítorí pé ohun tí ìyá mọ̀ bí orúkọ rẹ̀ nílé máa ń fò lọ níwájú dókítà. Káàdì àjẹsára àti ìwé tí wọ́n fún yín nígbà tí ẹ bí i, ẹ mú wọn dání.

Ní ti ẹ̀rù tí ń ba ọkọ yín, mo mọ̀ ọ́n, torí pé èmi náà ni bàbá ọmọ. Fáìlì ilé-ìwòsàn kì í ṣe pátákó ìta gbangba, ẹ̀yin ni ẹ óò pinnu ẹni tí ẹ óò sọ fún. Orúkọ tí àwọn ará àdúgbò ti ń pe ọmọ tí kò sọ̀rọ̀ kí dókítà tó rí i, "odi", "ọ̀dẹ̀", ìyẹn ni ó ń lẹ̀ mọ́ ọmọ. Ìwé dókítà ní tirẹ̀ ń ṣílẹ̀kùn. Òfin ìjọba àpapọ̀ tí ó de ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, sọ pé ẹni tí ó ní ìpèníjà ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ilé-ẹ̀kọ́ girama. Bí ilé-ìwé bá ń lé ọmọ yín kiri, ohun tí ẹ óò gbé síwájú wọn ni òfin yẹn pẹ̀lú ìwé dókítà.

Olùkọ́ Ẹ̀kọ́ Àkànṣe, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ohun tí Ìyá Àkọ́bí kọ tí kò sí ẹni tí ó tíì fọwọ́ kàn án, bẹ́ẹ̀ ó dùn mí ju gbogbo rẹ̀ lọ: pé ilé-ìwé ní kí wọ́n má sọ Yorùbá sí ọmọ náà mọ́. Ẹ jọ̀wọ́ ìyá wa, ẹ má ṣe é. Gbígbọ́ èdè méjì tàbí mẹ́ta kì í fa kí ọmọ má sọ̀rọ̀, kì í sì í fa ọtísímù. Èyí ti hàn kedere nínú ìwádìí lórí àwọn ọmọ elédè púpọ̀, títí kan àwọn ọmọ tí wọ́n ní ọtísímù. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ tí a bá gba Yorùbá kúrò lẹ́nu ìyá ni pé ìyá náà yóò dín ọ̀rọ̀ kù. Màmá àgbà tí ó jẹ́ pé èdè Ìkẹ́rẹ́ ni ó fi ń kọrin fún ọmọ láti òwúrọ̀ yóò di ẹni tí ń wò ó láìsọ̀rọ̀, torí pé kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ ti wọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni a wá ń gba èyí tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ yìí.

Ó kan àyẹ̀wò náà pẹ̀lú. Ní Èkìtì, ọmọ lè gbọ́ ẹ̀ka-èdè ìlú rẹ̀ lẹ́nu ìyá-ìyá rẹ̀, Yorùbá gbogbogbòò ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí ó sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ìwé. Bí ẹni tí ń yẹ̀ ẹ́ wò bá fi àwòrán hàn án ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan, yóò dà bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ọmọ mọ̀ ní gbogbo èdè ni a ń kà pọ̀. Ẹ sọ èdè tí ẹ ń sọ nílé fún wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, bí ó bá sì jẹ́ pé èdè Ìkẹ́rẹ́ ni ọmọ fi ń béèrè omi, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ bẹ olùkọ́ rẹ̀ kí ó kọ lẹ́tà kan. Kí ó má kọ pé "ó le lórí" tàbí pé "kò gbọ́ràn", ìyẹn kò wúlò fún dókítà. Ohun tí ó rí ni kí ó kọ: ìgbà tí ó ṣẹlẹ̀, ohun tí ó ṣáájú rẹ̀, bí ó ṣe pẹ́ tó, ohun tí ó mú ọmọ náà rọlẹ̀.

Ìyá Oníṣòwò, Ìlawẹ̀-Èkìtì

Ẹ jọ̀ọ́, èmi náà ní ìbéèrè. Tèmi ń sọ̀rọ̀ ní tirẹ̀, àní ó ń sọ ọ́ jù. Ọmọ ọdún 5 ni, kò lè jókòó nínú kíláàsì, gbogbo ọjọ́ ni wọ́n ń nà án ní ilé-ìwé. Wọ́n ní kí n lọ gba òògùn tí yóò jẹ́ kí ó jókòó. Ṣé ibi kan náà ni èmi yóò lọ?

Olùkọ́ Ẹ̀kọ́ Àkànṣe, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Ibi kan náà ni, ẹ̀ka ìtọ́jú ọmọdé, àti àyẹ̀wò etí àti ojú náà fún un, torí pé ọmọ tí kò rí pátákó ìkọ̀wé dáadáa kì í jókòó sí ojú kan. Ohun tí àwọn dókítà ń pè ní ADHD, ìyẹn àìlè jókòó jẹ́ẹ́ tàbí àìlè fọkàn sí nǹkan, kò ṣeé fi ẹ̀sùn ilé-ìwé nìkan mọ̀. Ìwà náà gbọ́dọ̀ hàn ní ibi tí ó ju ẹyọ kan lọ, nílé àti níléèwé fún àpẹẹrẹ, kí ó ti tó oṣù 6 ó kéré tán, kí ó sì ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ pé kíláàsì nìkan ni kò ti lè jókòó, tí ó ń jókòó sí ìsọ̀ yín láti àárọ̀ di ọ̀sán, kíláàsì náà ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Mo ti rí ibi tí ọmọ ọdún mẹ́rin àti márùn-ún ti ń da ìwé kọ fún wákàtí gbáko láìdìde. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6, kíkọ́ àwọn òbí àti olùkọ́ ní bí wọn yóò ṣe máa darí rẹ̀ ni ìlànà àwọn onímọ̀ fi síwájú kí a tó dé orí òògùn. Pàṣán kì í wò ó sàn.

Ọmọ Ìjọ, Adó-Èkìtì

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àdúrà ni mo gbà gbọ́ ju gbogbo rẹ̀ lọ, mo sì mọ ibi tí wọ́n ti ń tú irú àwọn ọmọ báyìí sílẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n tó gún un ní abẹ́rẹ́ olóde (measles) kejì, lẹ́yìn náà ni ó dákẹ́. Kí àwọn òbí ṣọ́ra fún abẹ́rẹ́ wọ̀nyí.

Nọ́ọ̀sì Afẹ̀yìntì, Adó-Èkìtì

Ẹni wa, èmi náà ń gbàdúrà, kò sì sí dókítà tí yóò ní kí ìyá ọmọ má gbàdúrà. Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ gbà ni kí wọ́n fi ebi pa ọmọ ní orúkọ ààwẹ̀, kí wọ́n dè é mọ́lẹ̀, tàbí kí wọ́n nà án kí ẹ̀mí kan lè jáde. Ọmọ tí kò lè sọ ohun tí ń ṣe é ni.

Ní ti abẹ́rẹ́, ọmọ oṣù 9 ni a ń gún ní abẹ́rẹ́ olóde àkọ́kọ́, a sì ń gún un ní ìkejì ní oṣù 15. Àsìkò tí àwọn ọmọ kan tí wọ́n ní ọtísímù máa ń pàdánù ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ní náà ni ọdún kejì yìí, yálà wọ́n gba abẹ́rẹ́ tàbí wọn kò gbà á. Ìwé ìwádìí tí ó dá ìbẹ̀rù pé abẹ́rẹ́ ń fa ọtísímù sílẹ̀ jáde ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1998, ìwé-ìròyìn ìṣègùn tí ó tẹ̀ ẹ́ jáde sì fagi lé e ní ọdún 2010. Ẹ gba ẹ̀gbọ́n yín níyànjú kí wọ́n gbé ọmọ náà lọ sí ilé-ìwòsàn láìpẹ́, torí pé ọmọ tí ó ti ń sọ̀rọ̀ tí ó wá dákẹ́ kì í ṣe ẹni tí a ń dúró wò, ní ọjọ́ orí èyíkéyìí.

Ìyá Àkọ́bí, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi, ohun tí Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́ta kọ ni ó mú un lọ́kàn jù, ó sì ní òun yóò tẹ̀ lé wa. Bí wọ́n bá fún wa ní ọjọ́ tí ó jìnnà, kí ni kí a máa ṣe kí ó tó dé?

Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Ìjerò-Èkìtì

Ọjọ́ náà lè jìnnà lóòótọ́, ẹ má sì dúró de orúkọ àìsàn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀ kí ojú yín bá ojú rẹ̀ dọ́gba. Bí ó bá ń to ìdérí, ẹ máa bá a tò ó, kí ẹ mú ọ̀kan dání, kí ẹ sì dúró díẹ̀ kí ó lè wò yín kí ẹ tó fún un. Gbólóhùn kúkúrú ni kí ẹ máa lò: "gbà omi", "bàtà dà?". Orin àti eré ìka ọwọ́ wa dára púpọ̀, torí pé ọmọ máa ń mọ ibi tí ó kàn. Ẹ dín tẹlifíṣọ̀n àti fóònù kù. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ọdún 2019 sọ pé kí ọmọ ọdún 2 sí 4 má wò ó ju wákàtí kan lọ lójúmọ́, ṣùgbọ́n ẹ má gbà pé tẹlifíṣọ̀n ni ó fa ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n bá parí àyẹ̀wò náà, ẹ má kúrò níbẹ̀ láìbéèrè ohun tí ẹ óò máa ṣe nílé, ẹni tí yóò máa kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ, àti ìgbà tí ẹ óò padà wá. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín.

Ìyá Àkọ́bí, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Ìbéèrè kékeré kan ló kù: ní ọjọ́ àyẹ̀wò etí, ṣé kí ó jẹun kí a tó kúrò nílé?

Nọ́ọ̀sì Afẹ̀yìntì, Adó-Èkìtì

Ẹ bi wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n bá fún yín ní déètì. Bí wọ́n bá fẹ́ fún un ní òògùn oorun, wọn yóò sọ wákàtí tí kò gbọ́dọ̀ jẹun mọ́, ẹ sì tẹ̀ lé e gẹ́lẹ́. Bí kò bá sí òògùn, ẹ fún un lóúnjẹ, kí ẹ má jẹ́ kí ó sùn nínú ọkọ̀, kí oorun lè gbé e nígbà tí ẹ bá débẹ̀. Ẹ mú aṣọ ìbora tí ó ti mọ́ ọn lára dání.